Ohùn tí Kò Kólòlò

Ohùn tó ń jáde láti inú fóònù náà, ohùn Jẹ́jẹ́ ni. Ẹ̀rín rẹ̀ ni, mímí rẹ̀ ni. Ohun kan ṣoṣo ló fi yàtọ̀: kò kólòlò.

Jẹ́jẹ́ rọra gbé fóònù sórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó fi ń lọ gíláàsì awò ojú. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, ní yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù onígíláàsì, níbi tí oníbàárà kì í ti í bá a sọ̀rọ̀. Láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú, nígbà tó ṣì kéré, ni ọ̀rọ̀ ti máa ń há a lẹ́nu bí egungun ẹja. Ohun tí ẹnu rẹ̀ kò lè sọ ló ń kọ sílẹ̀, títí ó fi di odidi ìwé ìtàn, ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀ láyé.

Ọ̀gá atẹ̀wé tó gbé e jáde ti sọ fún un pé, "Ìwé kì í polówó ara rẹ̀. Àwọn oníbúlọ́ọ̀gì máa fọ̀rọ̀ wá ọ lẹ́nu wò, wàá sì dáhùn."

Búlọ́ọ̀gì àkọ́kọ́ kọ ìbéèrè ránṣẹ́, Jẹ́jẹ́ sì kọ èsì. Ìyẹn dùn ún ṣe. Ìkejì ló di wàhálà, torí ohùn ni wọ́n fẹ́ gbà sílẹ̀. Obìnrin oníbúlọ́ọ̀gì náà kí i, ó bi í pé báwo ni ìwé náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Jẹ́jẹ́ la ẹnu, "M-m-m" nìkan ló jáde. Tẹkún-tẹkún ló fi pa fóònù.

Àmọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà rèé lódindi lórí búlọ́ọ̀gì, ó ń ṣàn bí omi.

Ó kọ̀wé sí obìnrin náà, ó dúpẹ́ pé ó bá òun tún un ṣe. Èsì dé kíá: "Kí ni mo tún ṣe? Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ pè mí padà nígbà tí ìlà já. A kúkú rẹ́rìn-ín títí."

Jẹ́jẹ́ yẹ fóònù rẹ̀ wò. Kò pe ẹnikẹ́ni padà lọ́jọ́ náà.

Ó yẹ kó wí fún ẹnì kan. Kò wí. Ìwé ti ń tà, ọ̀gá atẹ̀wé ń yìn ín, àwọn oníbúlọ́ọ̀gì mìíràn sì ń tò wá. Kò gbé ìpè ẹnikẹ́ni nínú wọn, síbẹ̀ gbogbo wọn ló gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Nílé, Màmá rẹ̀ kì í gbọ́ nǹkan mìíràn mọ́. "Ọmọ mi rèé," ni yóò máa wí fún àwọn aládùúgbò, "ẹni tí mo rò pé ẹnu rẹ̀ ò ní là láéláé." Bí Jẹ́jẹ́ fúnra rẹ̀ bá sì fẹ́ sọ̀rọ̀ nídìí oúnjẹ, Màmá á nawọ́ sí i: "Ní sùúrù, jẹ́ n gbọ́ èyí tán."

Nígbà tó yá, Jẹ́jẹ́ rí i pé ọ̀rọ̀ ń tán lẹ́nu òun. Bí ohùn yẹn bá ti sọ̀rọ̀ lórí búlọ́ọ̀gì kan, ọ̀rọ̀ tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í há. "Ẹ káàárọ̀" lọ. "Ó dàbọ̀" lọ. Oníbàárà kan ṣèèṣì yọjú sí yàrá ẹ̀yìn, ó bi í pé kí lorúkọ rẹ̀. Kò lè dárúkọ ara rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni oníbúlọ́ọ̀gì kan bi ohùn náà pé níbo ni gbogbo ẹ̀rù inú ìwé yìí ti wá. Jẹ́jẹ́ tẹ́tí sí i níbi iṣẹ́.

"Ọjọ́ tí wọ́n gbé òkú bàbá mi wọlé," ló wí, "abẹ́ ibùsùn la sá sí. Mo ń ké, ẹnikẹ́ni ò gbọ́. Nígbà tí wọ́n fa ọmọ yẹn jáde, wọ́n gbàgbé mi síbẹ̀."

Jẹ́jẹ́ nìkan ló sá sábẹ́ ibùsùn lọ́jọ́ náà, kò sì sọ ọ́ fún ẹ̀dá alààyè kankan rí. Kò sì sí nínú ìwé.

Oníbúlọ́ọ̀gì náà fi ẹ̀rín bo ìpayà rẹ̀. "Kí ló wá kàn báyìí?"

"Ilé ni. Mo fẹ́ lọ bá Màmá mi."

Jẹ́jẹ́ kò dúró bọ́ aṣọ iṣẹ́. Nígbà tó délé, ó fa bébà kan yọ, ó kọ ọ́ gàdàgbà: *Màmá, ẹ má ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó bá ní ohùn mi.* Màmá kà á, ó rẹ́rìn-ín. "Ìtàn tuntun lo tún ti bẹ̀rẹ̀ yìí? Ó máa dùn o." Ó na ẹsẹ̀ lórí àga ní pálọ̀, oorun sì gbé e lọ.

Jẹ́jẹ́ ti ilẹ̀kùn, ó fi irin há a. Kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀, ó lọ fọ abọ́ nínú ilé ìdáná. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ṣì wà lójú fèrèsé nígbà tí wọ́n kanlẹ̀kùn.

"Màmá, èmi ni. Ẹ ṣílẹ̀kùn."

Abọ́ yọ̀ bọ́ sínú omi. Jẹ́jẹ́ mọ̀ pé Màmá ló sún mọ́ ilẹ̀kùn jù. *Ẹ má ṣí i* ló fẹ́ wí. Ó fi gbogbo agbára tó wà lọ́fun rẹ̀ tì í.

"Ẹ… mm… má… má… má…"

Ní pálọ̀, Màmá ta jí. "Mo ti gbọ́ o, ọmọ mi. Màmá, Màmá, ó tó. Mo ń bọ̀."

Irin ilẹ̀kùn ró. Omi ẹ̀rọ ṣì ń dà lé abọ́ nínú ilé ìdáná.

"Káàbọ̀," ni Màmá wí. Ohùn rẹ̀ wá rẹlẹ̀. "Ta ló wá ń fọ abọ́ nínú ilé ìdáná mi?"

"Ẹ jókòó, Màmá," ni ohùn náà dáhùn, jẹ́jẹ́. "Ẹ jẹ́ kí èmi lọ wò ó."