Atalẹ̀ Abẹ́ Ìrù

Èmi ni mo lọ atalẹ̀ náà. Kí n tó bú ẹnikẹ́ni nínú ìtàn yìí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bú ara mi, torí èébú tó wà nínú mi fún àwọn ẹlòmíràn pọ̀, kò sì dáa kéèyàn pín nǹkan káàkiri kó má bu tiẹ̀ sílẹ̀. Mo bó atalẹ̀, mo fọ̀ ọ́, mo lọ̀ ọ́ kúnná bí ìpara ojú, mo tún po oyin mọ́ ọn. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni mí nígbà náà. Eyín mẹ́sàn-án ló kù lẹ́nu mi, orúnkún mi ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, síbẹ̀ ọkùnrin kan pè mí ní ọmọge, mo sì da ọgbọ́n nù bí omi ìfọṣọ.

Ṣùgbọ́n ìfẹ́ tèmi kọ́ ni mo fẹ́ sọ. Ìyẹn ò tó ìtàn, ẹ̀sín ni. Ti ọmọ ọmọ mi ni, onídìrí tí mò ń gbé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, àti ti ọkùnrin tó ń kọ́ ẹṣin nínú ọgbà tó wà ní òdìkejì títì. Ohun tí mi ò fojú ara mi rí níbẹ̀, àwọn méjèèjì ti rò ó fún mi lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ọjọ́ tí ọmọ ọmọ mi kọ́kọ́ rí ọkùnrin náà, oòrùn ń ta bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ ìbínú, kò sí ìkùukùu kan lójú ọ̀run, ọkùnrin náà sì ṣí agbòjò lé orí. Ó so náílọ́ọ̀nù mẹ́fà mọ́ bẹ́líìtì, gbogbo wọn ń dún nídìí rẹ̀. Ó tẹ́ tapólì sílẹ̀, ó dùbúlẹ̀ gbalaja sórí ẹ̀, ó dìde, ó tún dùbúlẹ̀. Abo ẹṣin kan, dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò, dúró níwájú ẹ̀, ó ń wò ó bí ìyàwó ṣe ń wo ọkọ tó ti ilé ọtí dé.

"Ṣé o rí i?" ló ń sọ fún ẹṣin. "Kò jẹ mí. Kò ní jẹ ìwọ náà."

Ọmọ mi bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín rẹ̀ kì í mọ níwọ̀n, ọ̀dọ̀ mi ló ti jogún ẹ̀. Ẹṣin na etí méjèèjì síwájú.

"Ẹ jọ̀ọ́," ọkùnrin náà sọ láti ilẹ̀, "ẹ tún un rín."

"Kí ni kí n tún rín?"

"Ẹ̀rín yẹn. Lọ́jọ́ ìfihàn ẹṣin, èrò á pọ̀. Ó yẹ kó ti mọ ariwo kó tó débẹ̀."

"Ẹ̀rín mi lẹ pè ní ariwo?"

"Ariwo tó dáa ni."

Ẹni tó ni ẹṣin ló ránṣẹ́ pe ọmọ mi. Wọ́n fẹ́ gbé Adúmáradán, bí wọ́n ṣe ń pe ẹṣin náà, lọ síbi ìfihàn lọ́sẹ̀ mẹ́ta sí i, wọ́n sì ní láti di irun ọrùn ẹ̀ ní kókó kéékèèké, kó tò bí bọ́tìnnì láti etí dé èjìká. Ọwọ́ ẹni tó máa ń dì í ti kán.

Ọmọ mi gun orí korobá tí wọ́n dojú ẹ̀ dé, ó fi abẹ́rẹ́ àti òwú dúdú di kókó mẹ́tàlélógún. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń retí ìyìn. Akọ́ṣin, bí a ṣe ń pe ọkùnrin náà, yí ẹṣin ká.

"Ó rẹwà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú u."

"Kí ni mo gbọ́?"

"Ó le jù."

"Ọ̀gá, irun tó bá le ló ń pẹ́. Kò sí oníbàárà mi tó wí bẹ́ẹ̀ rí."

"Oníbàárà yín, tó bá ń dùn ún, á pariwo. Tèmi ò lẹ́nu."

Akọ́ṣin ò bá a jiyàn mọ́. Ó mú ọwọ́ ẹ̀, ó gbé e lé ọrùn ẹṣin, ó ní kó fi ọwọ́ kejì fa ìjánu wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Adúmáradán fẹ́ tẹrí ba. Ó dé ìdajì, kò lè lọ mọ́, ẹran ọrùn ẹ̀ sì ń gbọ̀n lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ ọmọ mi bí ẹni tó ń pa ẹkún mọ́ra.

"Ó ń dùn ún," ọmọ mi sọ, ohùn ẹ̀ ti rọ̀. Ó tú gbogbo mẹ́tàlélógún. Ó tún wọn dì, ó fi àyè ọmọ-ìka kan sílẹ̀ nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí oòrùn tó wọ̀, "ẹ" ti kúrò láàárín wọn, "o" ti gba ipò ẹ̀, kò sì sí ẹni tó rántí ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́.

Ojoojúmọ́ ni ọmọ mi ń sọdá títì lọ bá a lẹ́yìn ìyẹn.

"Òórùn ẹṣin ti gba gbogbo ara ẹ," á wí.

"Òórùn ìpara ti gba gbogbo ara tìẹ. Ẹṣin mi ti ń sín, Ẹlẹ́rìn-ín mi."

Akọ́ṣin ní òun ń wá ìgò tí òun lè rọ òróró pátákò sí, èyí tí wọ́n fi ń kun pátákò ẹṣin. Ọmọ mi fọ ìgò ìpara òfìfo kan, ó gbé e fún un. "Gbà. Má sọ pé mi ò fún ẹ ní nǹkan rí."

"Màá tọ́jú ẹ̀ ju ẹṣin lọ."

"Irọ́."

"Irọ́ ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n màá tọ́jú ẹ̀."

Ẹni tó ni ẹṣin wá ńkọ́? Baba Dígí la máa ń pè é, torí bùútù ẹ̀ ń dán débi pé o lè ka eyín ẹ nínú ẹ̀. Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà náà ni pé ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti pàṣẹ fún Akọ́ṣin pé kó fi atalẹ̀ sábẹ́ ìrù Adúmáradán lọ́jọ́ ìfihàn. Bẹ́ẹ̀ ni, abẹ́ ìrù, ibi tí ẹ ń rò yẹn gan-an. Atalẹ̀ á máa jó ẹran náà, á gbé ìrù sókè bí àsíá, á máa jó kiri, àwọn adájọ́ á sì ní, "Ẹ wo bí ara ẹ̀ ṣe yá gágá!" Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Akọ́ṣin kọ̀.

Ni baba náà bá wá sọ́dọ̀ mi. "Ọmọge," ó ní, "ikọ́ ń dà mí láàmú. Atalẹ̀ tútù ni mo fẹ́, kó le dáadáa." Ó tún wo ìbàdí mi, ó ní ìdí ṣì wà níbẹ̀ o. Ẹ gbọ́ mi, mo kun pàùdà! Mo rọ atalẹ̀ sínú ìgò ìpara mìíràn láti ṣọ́ọ̀bù, mo fi oyin sí i kó lè rántí mi. Mi ò gbọ́ kó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Etí ń bẹ lórí mi, àfi bíi pé wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn.

Ọjọ́ Sátidé tí ìfihàn pé, Akọ́ṣin dìde ní kùtùkùtù. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì líle gbọn eruku ara ẹṣin, ó fi èyí tó rọ̀ tẹ̀ lé e, ó fi aṣọ tútù nu ihò imú àti ìpéǹpéjú. Ó ṣẹ́ kù díẹ̀ kí wọ́n wọlé ni Baba Dígí sọ fún un pé, "Lọ gba nọ́ńbà ẹ wá, màá di ìjánu mú." Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni. Ìkà ò nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Adúmáradán wọ pápá, ìrù ẹ̀ dúró ṣánṣán. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Inú ń bí mi di òní olónìí sí àtẹ́wọ́ yẹn! Ẹran ń jóná, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, èmi náà ń pàtẹ́wọ́. Kò pẹ́, ẹṣin bẹ̀rẹ̀ sí í yí bìrí, ó fẹ́ jókòó bí ajá, ó wá ta ìpá tó fọ́ tábìlì àwọn adájọ́ sí méjì. Akọ́ṣin rọ̀ mọ́ ìjánu, ó ń pè é jẹ́jẹ́, ẹsẹ̀ ẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀.

Dókítà ẹran, obìnrin kékeré kan tí kì í rẹ́rìn-ín, gbé ìrù náà sókè. Ó fọwọ́ kan ibẹ̀, ó gbóòórùn ìka ẹ̀. "Atalẹ̀," ó ní.

Baba Dígí ló kọ́kọ́ lanu. "Mo ti fura sí i! Ẹ yẹ àpótí iṣẹ́ ẹ̀ wò!" Wọ́n ṣí àpótí Akọ́ṣin. Ìgò ìpara kan ló wà níbẹ̀, atalẹ̀ sì wà nínú ẹ̀.

Wọ́n gba káàdì iṣẹ́ ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. Wọ́n ní kó fara hàn níwájú ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ àwọn ẹlẹ́ṣin ní Tọ́sìdeè. Tí wọ́n bá dá a lẹ́bi, kò ní fọwọ́ kan ẹṣin mọ́ ní ọgbà kankan títí ayé. Iṣẹ́ mìíràn ò sì sí lọ́wọ́ ẹ̀.

Ọmọ mi ń wo ìgò náà. "Ìgò tí mo fún ẹ nìyí."

"Kì í ṣe òun. Tìẹ wà nílé, òróró pátákò ló wà nínú ẹ̀. Wá wò ó."

"Ìwọ lo gbé ọwọ́ mi lé ọrùn ẹ̀! Ìwọ lo sọ pé kò lẹ́nu!"

"Ẹlẹ́rìn-ín mi, wò mí lójú."

"Ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́," ó ní. "Ẹ" ti padà dé. Ó tutù ju omi kànga lọ.

Èmi ńkọ́? Mo dúró síbẹ̀, mo gbọ́ òórùn oyin mi, mo sì pa ẹnu mi dé. Kì í ṣe ẹ̀rù. Ìtìjú ni. Tí mo bá sọ̀rọ̀, mo ní láti sọ ti pàùdà.

Láti Sátidé títí di Wẹ́sìdeè, ọmọ mi ò rẹ́rìn-ín. Ó ń di irun àwọn èèyàn, ó ń sọ fún wọn pé ọkùnrin tó bá lè ṣe irú ẹ̀ fún ẹranko, kí ló máa ṣe fún ìyàwó? Èmi ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà, mò ń sọ fún ara mi pé atalẹ̀ lásán ni. A ń fi í sínú tíì. Kí ló lè ṣe?

Lọ́sàn-án Wẹ́sìdeè, mo ní kí n mọ ohun tí ẹṣin mọ̀. Díẹ̀ kù nísàlẹ̀ ọlọ. Mi ò ní sọ ibi tí mo fi sí. Àgbàlagbà ni yín.

Yéè! Mo sáré yí ẹ̀yìnkùlé po lẹ́ẹ̀mẹ́rin, èmi tí orúnkún ń dùn! Ká ní mo ní ìrù, ì bá kan òrùlé. Mo bú Baba Dígí, mo bú baba tó bí i, mo bú ara mi, mo wá bẹ́ sínú basíà omi. Ibẹ̀ ni ọmọ mi bá mi.

"Màmá! Kí lẹ ń ṣe nínú basíà?"

"Mò ń kẹ́kọ̀ọ́."

Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un láti inú omi, títí kan ti ìdí àti ti pàùdà. Kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ basíà.

"Láti Sátidé lẹ ti mọ̀, Màmá," ó ní.

Ní Tọ́sìdeè, mo wọ yàrá ìgbìmọ̀, mi ò lè jókòó dáadáa. Baba Dígí wà níbẹ̀, ìyàwó ẹ̀ jókòó lẹ́yìn ẹ̀, dókítà ẹran àtàwọn adájọ́ ìfihàn náà sì wà níbẹ̀.

"Mi ò rí ìyá yìí rí láyé mi," ó ní.

"Ẹ bi dókítà bóyá oyin wà nínú atalẹ̀ náà," mo ní.

Dókítà ẹran gbé orí sókè lórí ìwé ẹ̀. "Ó wà níbẹ̀. Mi ò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ni mo fi ń bi ara mi pé kí ni oyin wá ṣe níbẹ̀."

"Èmi ni mo fi sí i fún ikọ́ bàbá yìí. Ó pè mí ní ọmọge, ó tún yin ìdí mi."

"Irọ́ ni!" Baba Dígí fò dìde, ó ń wo ìyàwó ẹ̀. "Atalẹ̀ nìkan ni mo gbà lọ́wọ́ ẹ̀! Mi ò sọ nǹkan kan nípa ìdí ẹnikẹ́ni!"

Ìyàwó ẹ̀ ló kọ́kọ́ jáde.

Ṣùgbọ́n èmi ò tíì parí. Mo kọjú sí àwọn adájọ́. "Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ọdún mélòó lẹ ti ń fún ìrù tó bá dúró sókè ní ẹ̀bùn? Ta ló sọ fún yín pé ẹni tó bá ń fò, inú ẹ̀ ló ń dùn? Lánàá, èmi náà fò!" Àwọn méjì nínú wọn ń wo bàtà.

Wọ́n lé Baba Dígí kúrò nínú ẹgbẹ́, wọ́n gba Adúmáradán kúrò lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n fi í sábẹ́ àbójútó dókítà ẹran nínú ọgbà kan náà. Akọ́ṣin gba káàdì ẹ̀, ó kí mi, ó jáde. Kò wo ọmọ mi. Ọmọ mi sáré tẹ̀ lé e dé ọgbà.

"Dúró."

"Mò ń lọ fọ pátákò ẹṣin mi. Ọjọ́ márùn-ún lẹnikẹ́ni ò fọ̀ ọ́."

"Mo jẹ̀bi."

"Ní ìṣẹ́jú kan lo gbàgbọ́." Inú ń bí i, ó sì tọ́ kó bí i. "Mo ní kí o wá wo ìgò, o ò wá. Ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré."

"Mo mọ̀. Mi ò ní àwáwí. Ìbínú dùn mọ́ mi ju kí n béèrè lọ."

Akọ́ṣin gbé ẹsẹ̀ iwájú ẹṣin, ó ń ha ẹrẹ̀ inú pátákò. "Mẹ́rin ni," ó sọ láìgbójú sókè. "Mi ò ní fi okùn dè ọ́, géètì wà ní ṣíṣí. Tí mo bá ha ẹ̀kẹrin tán, tí o ṣì dúró, màá béèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ ẹ."

Ó ha ẹyọ kan. Ó lọ sí èkejì, kò kánjú rárá, ìkà ọkùnrin! Nígbà tó dé ẹ̀kẹta, ọmọ mi ti mú búrọ́ọ̀ṣì, ó ń gbọn ẹ̀yìn ẹṣin.

"Mo gbà," ó ní.

"Mi ò tíì béèrè."

"Mo gbà. Yára ha ẹ̀kẹrin."

Ẹ̀rín tó bú jáde lẹ́nu àwọn méjèèjì, mo gbọ́ ọ láti òdìkejì títì, mo sì sunkún bí ọmọdé.

Lẹ́yìn oṣù kan, ṣọ́ọ̀bù kún, ọmọ mi ń ya irun mi, orúkọ ọkọ ẹ̀ ò sì kúrò lẹ́nu ẹ̀. Mo ń sọ fún àwọn oníbàárà bí èmi ṣe so wọ́n pọ̀, bí mo ṣe dójú ti baba oníbùútù, bó ṣe jẹ́ pé láìsí èmi, kò sí ìgbéyàwó. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, èmi náà ń rẹ́rìn-ín jù wọ́n lọ. Òòyà dúró lórí mi.

"Màmá," ọmọ mi sọ jẹ́jẹ́. "Ká ní kò ta ẹ̀yin náà lára, ṣé ẹ̀ bá sọ?"