Bọ́ọ̀dù Tí Kò Dá Kàmíl Lóhùn

Ẹ̀yin náà ti fura: Kàmíl kò mọ iṣẹ́ náà. Ẹni tó mọ iṣẹ́ kì í tètè dáhùn bíi tirẹ̀.

Ní ọdún 2012, ní ìsọ̀ tí ọmọ Ìsẹ́yìn yìí ti ń ta ẹ̀yà ara alùpùpù ní àdúgbò Gounghin, nílùú tí wọ́n ti ń sọ Faransé, ni Falilatou bá a. Wáyà ló ń wá. Bọ́ọ̀dù ẹ̀rọ aláwọ̀ búlúù kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ mọ nǹkan yìí?"

"Ṣé mo mọ̀ ọ́n? Ọmọ ìyá mi ni."

Ẹ̀rín pa Falilatou. Kí ó tó gba wáyà, ìfẹ́ ti wọlé.

Awó ni Falilatou ń sìn ní àdúgbò Hamdalaye nílùú kan náà. Ó ní couveuse kan, àpótí tí iná ń mú gbóná láti bá awó sàba lé ẹyin. Ó fẹ́ kí bọ́ọ̀dù náà máa sọ bí ooru inú àpótí ṣe rí fún kọ̀ǹpútà. Ètò kọ̀ǹpútà tó fẹ́ lò kò gba lẹ́tà kíkọ. Àwòrán aláwọ̀ oríṣiríṣi ni wọ́n ń tò pọ̀ mọ́ra lójú kọ̀ǹpútà.

Bàbá rẹ̀, Alájì Súbérù, gbọ́ pé Kàmíl fẹ́ ẹ. Alájì jókòó sábẹ́ àwòrán Ààrẹ, èyí tí kò tíì yí padà láti ìgbà tí wọ́n ti bí Falilatou.

"Onímọ̀ ẹ̀rọ ló pe ara rẹ̀. D'accord, ó dáa. Kó mú kí àpótí yìí sọ̀rọ̀ kí oṣù tó parí, kó wá kó ẹbí rẹ̀ wá."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni Kàmíl fi jókòó ti bọ́ọ̀dù. Ó so wáyà, ó tú wáyà. Ohun kan náà ni kọ̀ǹpútà ń kọ: òun kò rí bọ́ọ̀dù kankan. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ní eruku ọyẹ́ ló fà á. Lẹ́yìn náà, iná tó ń ṣẹ́jú ni. Nígbà tó yá, ó ní Faransé nìkan ni kọ̀ǹpútà gbọ́, bọ́ọ̀dù kò sì gbọ́ Faransé.

Falilatou ka ìwé ìlò.

"Bọ̀dá Kàmíl, wọ́n ní ká kọ́kọ́ fi ètò kékeré kan sínú bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀, kó lè gbọ́ ohun tí àwọn àwòrán ń sọ. Láìsí i, adití ni."

"Olólùfẹ́ mi, ìwé kọ́ ní í ṣiṣẹ́. Ọwọ́ ni."

"Ọwọ́ yín ti ṣe ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

"Ẹ̀rọ ń fẹ́ sùúrù."

"Tèmi ti tán."

Inú ń bí Falilatou. Ó sì fẹ́ràn rẹ̀, èyí tó tún ń dá kún ìbínú náà.

Ní Ọjọ́bọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló fi ètò náà sínú bọ́ọ̀dù. Bọ́ọ̀dù fèsì. Falilatou pe Kàmíl lórí fóònù.

"Mo ti ṣe é o. Lọ́la, ẹ sọ fún Bàbá pé àwa méjèèjì la ṣe é. Ìyẹn náà tó mi."

"Barka, o ṣé, àyànfẹ́ mi."

Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, Kàmíl dé pẹ̀lú agbádá. Ó ki wáyà bọ kọ̀ǹpútà. Nọ́ńbà yọ: mẹ́tàdínlógójì. Alájì wò ó títí.

"Ó mà ṣiṣẹ́. Kí ló ti ń dí i lọ́wọ́, ọmọ mi?"

Falilatou gbójú sókè. Orúkọ rẹ̀ ló ń retí.

"Wáyà ni, Alájì." Kàmíl ká apá agbádá sí èjìká. "Èmi nìkan ló mọ ohun tí ojú mi rí. Irú iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti obìnrin."

Alájì mi orí. Ó ní kí Falilatou bu omi fún àlejò kó tó padà sí Gounghin.

Lánàá, ní Ọjọ́bọ̀, nígbà tí Falilatou ń fi ètò náà sínú bọ́ọ̀dù, Alájì ló di tọ́ọ̀ṣì mú fún un.