Omi Lílọ́wọ́ọ́rọ́

Ọjọ́ tí ìròyìn ikú Mofojúrí dé, ọwọ́ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ gan-an ni wọ́n fi í lé. Òun ló ń ka ìròyìn ìrọ̀lẹ́ ní ilé iṣẹ́ rédíò. Ọ̀gá wọn gbé ìwé pélébé kan síwájú rẹ̀, kò lè wò ó lójú.

“Àbúrò mi, òkè ló ti wá. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ni kí o kà á.”

Wọ́n ní oníròyìn kan mutí yó, ó já sódò, ó kú. Orúkọ olólùfẹ́ rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Mofojúrí tí kì í fi ọtí kan ẹnu! Ó rọra jókòó sáyè rẹ̀.

Ìròyìn kíkà yìí náà ló so wọ́n pọ̀ níjọ́sí. Ó ti kà á lórí rédíò pé wọ́n ti ṣí ilé ìwòsàn tuntun kan. Bó ṣe jáde, ọ̀dọ́kùnrin kan ń dúró dè é, ẹrẹ̀ dé orúnkún ṣòkòtò rẹ̀.

“Olóhùn iyọ̀, ẹ kú iṣẹ́. Ilé ìwòsàn tí ẹ ṣí lẹ́ẹ̀kan yìí, ibẹ̀ ni mo ti ń bọ̀. Ewúrẹ́ méjì ni mo bá níbẹ̀. Èwo nínú wọn ni dókítà?”

Inú bí i, ẹ̀rín sì pa á. “Ohun tí wọ́n bá kọ fún mi ni mò ń kà, ọ̀gbẹ́ni.”

“Mo mọ̀. Ohùn yín ló dùn mí. Irọ́ ni wọ́n ń fi í tà.”

Láti ìgbà náà, kí ọmọbìnrin náà tó wọlé lọ ka ìròyìn, Mofojúrí á ti gbé omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ wá fún un nínú ife. “Mu ún, òrékelẹ́wà mi. Ọ̀fun tó gbẹ kì í lè sòótọ́.”

Bàbá ọmọbìnrin náà, awakọ̀ ojú irin tó ti fẹ̀yìn tì, kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó wọn.

“Oníròyìn? Bí wọ́n bá ní ilẹ̀ ti mọ́, màá kọ́kọ́ yọjú lójú fèrèsé. Ìwọ tí mo bí, bí o bá ti fẹ́ ka ìròyìn, ń ṣe ni mo ń pa rédíò, kí n má baà pe ọmọ mi lópùrọ́. Kí n tún wá gba ìkejì?”

“Bàbá, ó ń tọ́jú mi. Omi tí mò ń mu kí n tó ka ìròyìn, òun ló ń gbé e kaná.”

“Omi ò lè fọ irọ́ kúrò lẹ́nu. Kó má wọlé mi.”

Nígbà tó ròyìn rẹ̀ fún Mofojúrí, ó rẹ́rìn-ín. “Bàbá jàre. A ti parọ́ fún wọn jù. Ọjọ́ tí mo bá sọ èyí tí wọ́n lè gbà gbọ́, wọn á fi ọ́ fún mi.”

Ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ẹni tó kó owó ilé ìwòsàn náà jẹ. Ẹ̀rù ba ọmọbìnrin náà.

“Ìfẹ́ mi, àwọn orílẹ̀-èdè kan wà tí oníròyìn ti ń bi olórí ìjọba léèrè ọ̀rọ̀, tí yóò sì sùn sílé ara rẹ̀. Jẹ́ ká lọ síbẹ̀.”

“Ta ni yóò wá sọ tibí?”

Mofojúrí lọ sídìí ìwádìí rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Kò padà.

Nírọ̀lẹ́ tí wọ́n gbé ìwé pélébé náà fún un, iná pupa tó ń sọ pé ohùn ti wọ afẹ́fẹ́ tàn. Kò sí ife kankan lórí tábìlì. Ó ka ìròyìn tó kù, ó kan ìwé pélébé. Ó pe orúkọ Mofojúrí, ó sì yí ìwé náà dé.

“Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, wọ́n ní kí n sọ pé ọtí ló pa á. Kì í mutí. Ilé ìwòsàn tí mo ní wọ́n ṣí níjọ́sí, kò sí níbẹ̀. Òun ló fojú rí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí...”

Iná pupa kú.

Nígbà tó délé, bàbá rẹ̀ jókòó ti rédíò. Ó wà ní títàn, orin ló ń kọ.

“Wọ́n lé ọ?”

“Wọ́n lé mi, Bàbá.”

“Mo gbọ́ ọ.” Àgbàlagbà náà tọ́ka sí rédíò. “Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ọmọ ọlọ́mọ! Mi ò jẹ́ kó jókòó nílé mi rí.” Ó nu ojú. “Kí ló rí níbẹ̀ gan-an?”

Ó la ẹnu, ohùn kò jáde.

Bàbá dìde, ó wọ ilé ìdáná. Ó ṣáná. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó padà, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ife kan mú. Ó fi ìka kan omi náà wò bóyá kò gbóná jù, ó gbé e síwájú ọmọ rẹ̀, ó pa rédíò, ó sì fa àga súnmọ́ ọn láti gbọ́ ìròyìn.