Gìtá Tí Wọ́n Ń Fi Eyín Gbọ́

Lọ́jọ́ tí Olúgbádé kọ́kọ́ gbọ́ ìró lẹ́yìn ọdún méje, eyín ló fi gbọ́ ọ, kì í ṣe etí.

Onígìtá ni Olúgbádé. Ọgbọ̀n ọdún ló fi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ sípíkà tó ga jù ú lọ, tí jẹnẹrétọ̀ ń hó lẹ́yìn rẹ̀, kí etí méjèèjì tó sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Látìgbà náà ló ti ń gbé lọ́dọ̀ Tolúwalọpẹ́, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, nínú yàrá kan àti pálọ̀ tí ọmọ náà háyà ní Mowe. Ẹnu ọmọ ló máa ń wò tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀. Ohun tí kò bá yé e, Tolú a kọ ọ́ sórí fóònù ní lẹ́tà ńláńlá. Ọmọ náà kúkú jogún bàbá rẹ̀. Ó ń lu gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì kan lẹ́bàá títì márosẹ̀, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọléèwé ní Ibafo. Láti kékeré ni etí rẹ̀ ti mú débi pé bí ọ̀kadà bá fọn fèrè, á dárúkọ ìró náà pé, "D nìyẹn." Bàbá rẹ̀ kò ní irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ rí. Etí yẹn ni Tolú fi ń jẹun.

Lọ́jọ́ Sátidé kan ló gbé gìtá onígi kan dé láti Ifọ̀, lọ́wọ́ opó kan tó ń jẹ́ Fàsílátù. Bí onígìtá bá rí ojúlówó gìtá, ẹ má wulẹ̀ bá a sọ̀rọ̀ oúnjẹ. Olúgbádé kọ́kọ́ ki imú bọ ihò rẹ̀, ó gbóòórùn igi tó ti gbẹ dénú. Ó wo etí ihò náà, ó rí i pé ìlà ara igi náà wọ inú lọ láìdáwọ́ dúró.

"Igi gidi ni," ó ní. "Kì í ṣe pulaiwúùdù tí wọ́n kàn fi igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò lójú."

Ó kan ẹ̀yìn rẹ̀ kó, igi náà gbọ̀n jìnnìjìnnì sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Inú rẹ̀ bàjẹ́ nígbà náà. Gìtá tó ti ń wá láti ìgbà èwe rẹ̀ rèé, ìgbà tí etí kú tán ló wọlé wá.

Tolú gbé e sórí itan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú. Olúgbádé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì ṣe ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò lè sọ ìdí rẹ̀: ó fi eyín di etí gìtá náà mú jẹ́jẹ́. Ìró gba eyín wọlé, ó gba párì-ẹ̀kẹ́, ó kún orí rẹ̀. Omi ń já bọ́ lójú rẹ̀.

"Mo gbọ́ ọ," ó ní. "Tolú, mo gbọ́ ọ."

Ọwọ́ Tolú dúró. Ẹ̀rù kan kọjá lójú rẹ̀, bíi ti ẹni tó rántí ìkìlọ̀. Ó wo omijé bàbá rẹ̀ títí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì ń bá orin lọ. Bàbá rí ẹ̀rù náà, ó pè é ní ìyàlẹ́nu.

Láti ọjọ́ náà, bí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀, gìtá ti délẹ̀ nìyẹn. Ojú eyín hàn ketekete lára igi. Olúgbádé bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́nnu fún Mùtíù, káfíńtà ọ̀ọ́kán ilé wọn, pé bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu.

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó fi gbọ́ ìgbálẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, láìsí gìtá nítòsí. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ omi tó ń hó lórí iná, àti ewúrẹ́ Mùtíù. Ayọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ohun kan ṣoṣo ni kò yé e: nígbà tí ọ̀kadà fọn fèrè lójú pópó, orúkọ ìró náà wọ orí rẹ̀ wá fúnra rẹ̀. F ni. Ó jókòó, ó ń ronú ta ló kọ́ òun.

Kò sọ fún Tolú. Ó fẹ́ fi yà á lẹ́nu. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, òjò ṣú ṣùgbọ́n kò tíì rọ̀. Tolú kọ ẹ̀yìn sí i lójú fèrèsé, ó ń fọ ìrẹsì. Olúgbádé pè é bó ṣe máa ń pè é ní kékeré.

"Tolú mi."

Kò wẹ̀yìn. Ó tún un pè sókè sí i. Ó pàtẹ́wọ́ gbàà, ewúrẹ́ ta kébé níta, àmọ́ Tolú ń fọ ìrẹsì rẹ̀ lọ. Ìgbà tó fọwọ́ kan èjìká rẹ̀ ló tó fò sókè, tó sì rẹ́rìn-ín.

"Ẹ ní kí ni, Bàbá?"

Ojú rẹ̀ kò wá sí ojú bàbá rẹ̀. Ẹnu ló ń wò. Ẹni tó ti fi ọdún méje ka ẹnu mọ akẹgbẹ́ rẹ̀. Olúgbádé dúró síwájú rẹ̀. Ó mi ètè nìkan, kò jẹ́ kí ohùn kankan jáde: "Ìrẹsì ti ń jóná."

"Mi ò tíì gbé e kaná o," Tolú fèsì.

Olúgbádé fìdí lélẹ̀ gbì. "Láti ìgbà wo?" ó béèrè.

Tolú rí i pé àṣírí ti tú. Ohùn rẹ̀ ga ju bó ṣe yẹ lọ, bíi ti ẹni tí kò gbọ́ ara rẹ̀. "Màmá tó tà á fún mi bi mí bóyá ẹni tí kò gbọ́ràn wà nílé wa. Mo ní bàbá mi. Wọ́n ní kí n má jẹ́ kí ẹ fi eyín kàn án láéláé, pé ẹni tó bá fi eyín gbọ́ gìtá yẹn, etí ẹni tó ń lù ú ló ń gbà. Ọkọ wọn ló lù ú fún àwọn nígbà tí etí àwọn náà di. Wọn ò mọ̀, àfìgbà tí bàbá yẹn ò gbọ́ fèrè tírélà lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta."

"O mọ̀, o sì ń lù ú?"

"Bàbá, ẹ sunkún ayọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mi ò rí irú ẹ̀ rí látìgbà tí Màámi ti lọ."

Ọ̀rọ̀ òkété tó ń fi yangàn wá korò lẹ́nu rẹ̀ bí ewúro. Ó dìde, ó gbé gìtá náà, ó jókòó sórí àpótí.

"Fi eyín sí i."

Tolú mi orí. Ó kúnlẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́. "Mi ò fẹ́, Bàbá."

"Èmi ni mo bí ọ. Fi eyín sí i."

Ó fi eyín sí i. Ìka Olúgbádé ti le, orí wọn sì ti rọ̀, okùn gìtá ń gé e, àmọ́ ó ń lù ú. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ojú ọmọ náà là gbòò, omijé sì bẹ̀rẹ̀. Àsìkò yẹn gan-an ni òjò dé. Olúgbádé gbọ́ ọ lórí páànù, ó dùn mọ́ ọn débi pé ọwọ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró. Kò dúró. Díẹ̀díẹ̀ ni òjò náà ń jìnnà, bí ìgbà tó ń wọ́ lọ sí ọ̀nà Ibafo, bẹ́ẹ̀ ó ń rí omi tó ń dà lójú fèrèsé.

Tolú gbé ẹnu kúrò. Olúgbádé rí ètè rẹ̀ kedere: "Ó tó, Bàbá. Ẹ jẹ́ ká pín in."

Ó fi ọwọ́ kan da orí ọmọ náà padà sára igi. Ó pa ojú ara rẹ̀ méjèèjì dé, kó má bàa rí ohun tí ọmọ náà tún fẹ́ sọ, ó sì ń lu gìtá náà lọ.