Onígbàjámọ̀ Tí Ó Pe Aya Rẹ̀ Ní Apani

Ọlọ́run tí ó la ọ̀nà fún oòrùn, tí ó sì pààlà fún omi òkun, òun náà ni ó fi ọkàn sí àyà ọmọ ènìyàn, tí ó ní kí ó máa lù láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ó gbé e rù. Síbẹ̀, kòkòrò inú àgọ́ amọ̀ yìí a máa gbéra ga!

Ọ̀kan nínú irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ ni onígbàjámọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Abẹ. Dígí mẹ́ta ni ó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ara rẹ̀ ni ó sì ń wò nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí oníbàárà bá kí i kú iṣẹ́, a ní, "Ẹ̀yin náà ẹ kú oríire, ẹ̀yin tí ọwọ́ mi fẹ́ kàn."

Ní ọdún kan, àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lù ségesège bí àgbò tí ó já okùn. Dókítà obìnrin kan fún un ní oògùn tí ó mú un rọlẹ̀, ó sì kìlọ̀ fún un: "Ìwọ̀n yìí pọ̀, oṣù kan péré ni ẹ ó lò ó. Ẹ padà wá kí n dín in kù, kí n sì máa yẹ̀ yín wò ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Bí oògùn yìí bá pẹ́ lára, ó lè ba iṣan ìmọ̀lára jẹ́."

Ọ̀gá Abẹ rẹ́rìn-ín. "Ta ni í gbé orí padà lọ bá onígbàjámọ̀ nígbà tí irun ti gé tán?"

Kò padà. Ìwé oògùn àkọ́kọ́ náà ni ó ń fi rán aya rẹ̀ sí ilé ìtajà oògùn. Láràárọ̀ ni obìnrin náà ń kó ìwọ̀n ńlá náà sínú àwo kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ tíì rẹ̀, fún ọdún mẹ́ta gbáko.

Ọwọ́ Ọ̀gá Abẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kú, bí ẹni pé orí òwú ni ó ń tẹ̀. Ó ń rìn bí ọ̀mùtí. Ó fi í pamọ́ fún gbogbo ènìyàn.

Ní Sátidé kan, bàbá káfíńtà kan, àgbà onígbàgbọ́ tí ó máa ń fá irùngbọ̀n lọ́dọ̀ rẹ̀, jókòó sórí àga rẹ̀. Abẹ ya á ní ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Ẹ̀yin lẹ mira!"

"Mo mira kẹ̀? Àga ni mo jókòó lé, kì í ṣe ẹṣin. Ọwọ́ rẹ ni kí o bá wí."

Ọ̀gá Abẹ, ọlọ́gbọ́n ayé, yíjú sí aya rẹ̀ tí ó ń gbé tíì wọlé, níwájú gbogbo oníbàárà. "Apani! Kí ni o ń fi sí tíì mi?"

Obìnrin náà wò ó. "Ẹ̀yin lẹ rán mi ní oògùn, ẹ̀yin lẹ gbé e mì. Bí mo bá jẹ́ apani, ẹ kú ewu ọdún mẹ́ta." Ó di ẹrù rẹ̀, ó gba ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ Ajé, bàbá káfíńtà, tòun ti báńdéèjì ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, mú onígbàjámọ̀ náà lọ bá dókítà. Dókítà yẹ ìwé gbígbó náà wò. "Ìwọ̀n oṣù kan, fún ọdún mẹ́ta? Kò sí ẹni tí ó fún yín ní májèlé. Ẹ̀yin lẹ fún ara yín." Ó pààrọ̀ oògùn náà. "Ọwọ́ lè sàn. Ti ẹsẹ̀, n kò ṣèlérí."

Lórí bẹ́ǹṣì ìta, ìgbéraga Ọ̀gá Abẹ dòfo. "Bàbá, mo ti ba ilé mi jẹ́."

Káfíńtà kò rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. "Ju ilé lọ. Ìwọ lo ṣẹ̀, o sì di ẹ̀bi náà ru obìnrin aláìṣẹ̀. Ẹnìkan ṣoṣo ni ó fínnúfíndọ̀ ru ẹ̀ṣẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀: Jésù ni. Òun ni kí o kó tìrẹ fún."

Ọkùnrin náà kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì. "Olúwa, èmi ni. Kì í ṣe ẹlòmíràn."

Lọ́jọ́ náà gan-an ni ó lọ tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ aya rẹ̀. Nígbà tí ó di Sátidé, ó jẹ́wọ́ níwájú àwọn oníbàárà tí wọ́n gbọ́ ẹ̀sùn náà.

Ìwọ tí o ń ka ìwé yìí, ta ni o di ẹ̀ṣẹ̀ tìrẹ rù? Òbí rẹ ni, àbí ọ̀gá rẹ, àbí ẹni tí ń gbọ́ oúnjẹ rẹ? Irọ́ ni, o sì mọ̀ pé irọ́ ni. Ronú pìwà dà lónìí. Ọkàn tí ń lù láyà rẹ kò bá ọ ṣe àdéhùn ọ̀la.

Ní ti àwọn tí a sọ̀rọ̀ wọn: ọwọ́ onígbàjámọ̀ rọlẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, ṣùgbọ́n àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kò bọ̀ sípò. Ẹlòmíràn ni ó ń fá irun ní ṣọ́ọ̀bù náà báyìí. Bàbá káfíńtà dá irùngbọ̀n sí. Ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án lẹ́yìn ìjẹ́wọ́ náà, aya padà wálé. Ó dárí ji ọkọ rẹ̀, apá rẹ̀ sì ni ọkọ náà ń dì mú lọ sí ilé ìsìn.