Àmín Kẹta

Ẹni méjì ló ṣe àmín nínú pálọ̀ náà, ṣùgbọ́n àmín mẹ́ta ni Fẹ́yìsayọ̀ gbọ́.

Àárọ̀ Sátidé ni, ní Blanchardstown ní Ireland, oòrùn ti wọlé dé ìdí tẹlifíṣọ̀n. Tófúnmi, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, dúró síbẹ̀, ó ń kọ́ ọ̀rọ̀ tí yóò sọ láìwo ìwé níwájú àwọn òbí ní iléèwé lọ́jọ́ Túsìdé. Ọ̀rọ̀ tí Ààrẹ Lincoln sọ ní Gettysburg ni, nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń bá ara wọn jagun. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi pa ara wọn níbẹ̀. Ìgbà tí wọ́n ń ya ilẹ̀ tí wọ́n sin àwọn òkú sí sí mímọ́ ni Ààrẹ sọ̀rọ̀. Olùkọ́ tún sọ fún wọn pé àwọn ọmọ Ireland pọ̀ nínú àwọn tó kú, àwọn tí ebi lé kúrò nílé, tí wọ́n lọ kú sínú ìjà onílé. Fẹ́yìsayọ̀ mí kanlẹ̀ nígbà tó gbọ́ ìyẹn. Òun náà sá wá síbí ni lọ́dún 2001, ó mọ bí ilẹ̀ onílẹ̀ ṣe ń rí lára.

Ìyá ọkọ rẹ̀, Màmá Akọ́ládé, jókòó, ó ń ṣa ẹ̀wà. Màmá kò gbọ́ Òyìnbó tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ ohùn tó bá dún bí àdúrà. Nígbà tí ọmọ dé ìparí, tó ní ìjọba àwọn èèyàn kò ní ṣègbé láyé, Màmá na ọwọ́ méjèèjì sókè.

“Àmín!”

Fẹ́yìsayọ̀ náà ṣe é kó tó mọ̀. Ta ni yóò dá a lẹ́bi? Àmín kì í wọ́n lẹ́nu wa. Bí àlejò bá kan ilẹ̀kùn tó ní kí ilé wa má jó, àmín la ó kọ́kọ́ ṣe kí a tó béèrè pé ta ni.

Ẹ̀kẹta wá láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ohùn ọkùnrin ni, ó ha, bí ohùn ẹni tí kò tíì mu omi láti ìjẹta.

“Ṣé Akọ́ládé ti dé ni?” Màmá béèrè.

“Rárá, Mà. Ó ṣì wà níbi iṣẹ́ ní Damastown.”

Fẹ́yìsayọ̀ ṣí ilẹ̀kùn. Kò sí ẹnìkankan níbẹ̀, òórùn ló kù, bíi ti báńgà ọdún Kérésì nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dún tán. Ọwọ́ Màmá ti dúró lórí ẹ̀wà.

Lọ́jọ́ Sunday, bí wọ́n ṣe ń múra ṣọ́ọ̀ṣì, Fẹ́yìsayọ̀ rí nǹkan dúdú létè ọmọ rẹ̀. Ó nù ún, ó tún padà. Tófúnmi mú bébà kan lọ́wọ́, ó ń fi eyín já etí rẹ̀.

“Kí lo ń já jẹ?”

“You have to bite it, Mam. Your other hand's holding the yoke.”

“Yoke wo?” Yoke ni àwọn ọmọ ibí ń pe ohunkóhun.

Ọmọ náà wo bébà ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. “I dunno. I'm grand, Mam.”

Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò dá. Pásítọ̀ ń wàásù, ètè ọmọ ń mì. Ó ń jẹun, ètè ń mì. Ọ̀rọ̀ náà ń tú jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, tó bá parí, á tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rù ba Fẹ́yìsayọ̀, ẹ̀rù ńlá.

Ní ọ̀sán Monday, nígbà tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, ó bá Òyìnbó kan ní ibùdókọ̀. Ooru mú, síbẹ̀ kóòtù ológun onírun aláwọ̀ búlúù ló wọ̀. Apá òsì kò sí nínú kóòtù náà. Ètè rẹ̀ dúdú.

“Èmi ni mo ṣe ẹ̀kẹta,” ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ lédè Òyìnbó.

Fẹ́yìsayọ̀ gbá báàgì rẹ̀ mọ́ àyà. “Kí lẹ fẹ́ lọ́wọ́ ọmọ mi?”

“Ọ̀rọ̀ yẹn ní kí àwọn alààyè parí iṣẹ́ tí àwa òkú fi sílẹ̀. Láti ìgbà náà wá, àtẹ́wọ́ ni gbogbo ayé ń pa sí i. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ fi àmín gbà á.”

“Iṣẹ́ wo?”

Ọkùnrin náà wo apá kóòtù rẹ̀ tó rọ̀ jọwọrọ. “Wọ́n kọ́ wa láti fi eyín já bébà ẹ̀tù, ká rọ ọ́ sínú ìbọn, ká yìn ín. Mi ò mọ iṣẹ́ mìíràn.”

“Ọmọdé ni. Ẹ mú èmi.”

“Ẹnu rẹ̀ ló ti jáde. Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán lọ́la níwájú àwọn èèyàn, kí ẹnikẹ́ni má ṣe àmín sí i, a ó fi í sílẹ̀. Bí a bá gbọ́ àmín kan péré, tiwa ni.”

Bọ́ọ̀sì dé, ó kọjá. Eérú dúdú díẹ̀ ló kù lórí bẹ́ńṣì.

Lálẹ́, Akọ́ládé gbọ́wọ́ lé ọmọ rẹ̀ lórí, ó gbàdúrà. Fẹ́yìsayọ̀ bu ètè jẹ, kò lè ṣe àmín sí àdúrà ọkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún ju gbogbo rẹ̀ lọ.

Ní Túsìdé, ó purọ́ fún Màmá pé wọ́n ti sún ètò náà síwájú, ó sì dá lọ. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀ lójú ọ̀nà. Àwọn ará Ireland kì í ṣe àmín sí ọ̀rọ̀ iléèwé, àtẹ́wọ́ ni tiwọn. Ìgbà tó wọ gbọ̀ngàn ló rí i pé ìdajì àwọn òbí ibẹ̀, èèyàn wa ni. Níwájú pátápátá ni Sister Priscilla jókòó sí, aṣáájú àwọn aládùúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn.

Fẹ́yìsayọ̀ kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, Mà. Tí Tófúnmi bá sọ̀rọ̀ tán, ẹ má ṣe àmín. Ẹ bá mi bẹ àwọn tó kù.”

Sister Priscilla wò ó látòkèdélẹ̀. “Kí n má ṣe kí ni?”

“Àmín, Mà. Nítorí Ọlọ́run.”

“Sister Fẹ́yì, Ọlọ́run kì í di ẹnu èèyàn. Ẹ̀mí wo ló ń bá ọ jà?” Omi bọ́ lójú Sister Priscilla, ó fẹ́ràn rẹ̀ tòótọ́. Ó yí sí àwọn tó wà lẹ́yìn, ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí wọn. Wọ́n ń mi orí. Ọ̀rọ̀ náà ń lọ láti àga dé àga.

Tófúnmi gorí pèpéle, àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ mẹ́sàn-án tẹ̀lé e, bébà ètò wà lọ́wọ́ gbogbo wọn. Ohùn rẹ̀ já gaara. Fẹ́yìsayọ̀ tẹjú mọ́ ẹnu Sister Priscilla. Ó ń gbọ́ tí ọmọ dé ibi àwọn òkú, ó gbọ́ tó dé ibi iṣẹ́ tí kò tíì parí, ó gbọ́ tó ní kò ní ṣègbé láyé.

Sister Priscilla ló kọ́kọ́ dìde. Gbogbo wọn sì dìde tẹ̀lé e, nítorí ìfẹ́ arábìnrin wọn.

“ÀMÍN!”

Lẹ́yìn náà ni èsì wá láti abẹ́ pákó ilẹ̀, ohùn tí ó ha, ohùn àìmọye ọkùnrin. Olùkọ́ kan ti ń pàtẹ́wọ́, ọwọ́ rẹ̀ dúró lófuurufú.

“Ṣé o rí i?” Sister Priscilla rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. “A ti borí ẹ̀mí tó ń di ọ́ lẹ́nu.” Ó fi áńkáṣífì nu ẹnu rẹ̀. Dúdú ló wà lára aṣọ náà.

Fẹ́yìsayọ̀ pe ọmọ rẹ̀ lórúkọ. Tófúnmi wo ìyá rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ẹni tí kò mọ̀ rí. Ó gbé bébà ọwọ́ rẹ̀ sókè, ó fi eyín já a. Àwọn ọmọ mẹ́sàn-án tó wà lẹ́yìn rẹ̀ náà já tiwọn.