Ọjọ́bọ̀, Ọjọ́ Ìwẹ̀

"Wiam, ṣé ó ti hàn?"

Inú ilé ìtọ̀ ilé ìwé wa ní Sefru la wà. Ihsan ọ̀rẹ́ mi ká aṣọ sókè, ó yíra sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì fa ikùn sínú.

"Tó bá jẹ́ afọ́jú ló ń wò ẹ́, kò hàn," mo dá a lóhùn.

Kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó fún un lóyún ti sá sọdá òkun lọ sí Sípéènì, kò sì gbé fóònù mọ́. Dókítà tó bá bá a ṣẹ́ ẹ, ẹ̀wọ̀n. Òun náà, ẹ̀wọ̀n. Kódà kí ọmọge bá ọkùnrin sùn láìṣègbéyàwó, ẹ̀wọ̀n ni lábẹ́ òfin wa ní Mòrókò. Bàbá rẹ̀ sì ti búra pé ọmọ tó bá dójú ti òun kò ní wọ ilé òun mọ́. Ibo ni kó gbà?

Ọjọ́bọ̀ ló ń lé e kiri. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni ìyá rẹ̀, Lalla Batul, ń kó àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ lọ sí ilé ìwẹ̀ gbígbóná tí àwọn obìnrin àdúgbò jọ ń lò, èmi náà sì máa ń bá wọn lọ. Ẹ ó bọ́ra, ìyá á sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ha ọmọ láti ẹ̀yìn dé ikùn. Ihsan ti fi ẹ̀fọ́rí yẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

"Ìyá mi ti ń wò mí bí ẹni ń wo wàrà tó fẹ́ kan," ló wí. Ó fa ìgò àgbo kan yọ nínú àpò ìwé. "Ẹlẹ́gbòogi tó tà á ní ó ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn."

"Àwọn tó pa ńkọ́? Ṣé wọ́n padà wá jábọ̀ fún un ni?"

"Jọ̀ọ́, pa ẹnu ẹ mọ́! Búra pé o ò ní sọ."

Èmi elẹ́nu ṣáṣá, mo búra bí òmùgọ̀.

Ó mu ún ní Ọjọ́rú. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ẹ̀jẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ ó tẹ̀lé wa lọ sílé ìwẹ̀, ó ro aṣọ mọ́ ìdí, kí ìyá rẹ̀ má baà fura. Nínú ooru yẹn ló ṣubú. Omi ọṣẹ tó ń ṣàn lọ pọ́n wẹ̀ẹ̀.

"Ẹ pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn!" Rukia pariwo, obìnrin tó ń bá èèyàn ha ara níbẹ̀.

"Ẹ yé pariwo! Nǹkan oṣù ni," Lalla Batul fèsì.

"Nǹkan oṣù wo? Ogún ọdún ni mo ti ń wẹ obìnrin, ẹ má kọ́ mi ní ẹ̀jẹ̀!"

"Tí wọ́n bá béèrè ìwé ìgbéyàwó lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn, ṣé tìrẹ ni kí n fún wọn?" Lalla Batul yíjú sí mi. "Wiam, kí ló mu?"

Ihsan di ọwọ́ mi mú.

"Mi ò mọ̀, Ìyá," ni mo wí.

Wọ́n gbé e lọ sílé. Wọ́n ń pààrọ̀ aṣọ lábẹ́ rẹ̀ títí oòrùn fi yẹ àtàrí. Ètè rẹ̀ funfun. Ọwọ́ rẹ̀ tútù nínú ọwọ́ mi, ó ṣì ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Má sọ."

Ara mi ò gbà á mọ́. "Ó lóyún! Ó mu àgbo! Ẹ gbé e, ẹ gbé e!"

Lalla Batul gbá mi létí. Lẹ́yìn náà, ó gbé ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn bí ọmọ ọwọ́, ó sì sáré bọ́ sí títì láìwọ bàtà.

Dókítà kò béèrè ìwé ìgbéyàwó kankan. Ohun tó béèrè ni pé, "Ìgbà wo ni ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀?"

"Láàárọ̀," mo dá a lóhùn.

"Kí lẹ wá ń dúró dè?"

Kí wọ́n tó pe àdúrà ìrọ̀lẹ́, Ihsan ti kú.

Ẹlẹ́gbòogi ṣì ń tajà. Òfin ṣì wà níbẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ gbọ́ o: ẹni tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ, ìtìjú ì báà pa gbogbo àdúgbò. Àṣírí tó lè pa ọ̀rẹ́ rẹ kì í ṣe ohun tí à ń bò. Tú u, kó bínú sí ọ títí ayé, ṣùgbọ́n kó wà láyé bínú. Àárọ̀ ló yẹ kí n sọ̀rọ̀. Ọ̀sán ni mo tó sọ ọ́.